Obìnrin Ọlọ́jà Tó Ń Gbé Ọkùnrin Ṣánlẹ̀ Lókè El Alto

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú ń rí níbẹ̀, kí n tó sọ ibi tó wà fún yín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Gbọ̀ngàn ńlá kan ni, ó tutù bí inú fíríìjì. Àwọn èèyàn jókòó sórí àtẹ̀gùn símẹ́ńtì yí ká, bàbá, ìyá, àtàwọn ọmọ kéékèèké, gbogbo wọn ń jẹ gúgúrú. Láàárín gbọ̀ngàn, wọ́n ta okùn yí pèpéle onígun mẹ́rin kan ká. Orin dún gbàmù látinú gbohùngbohùn, obìnrin kan sì jáde. Kì í ṣe ọmọge tó wọ pátá péńpé bíi tàwọn òyìnbó inú tẹlifíṣọ̀n o. Ìyàwó ilé ni, ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé lọ́jà tẹ́ ẹ máa kí pé, "Ìyá, ẹ kú ọjà." Ó wọ síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ bí agboòrùn, yẹ̀rì bíi mẹ́rin márùn-ún wà lábẹ́ rẹ̀. Ó da ìborùn tí òwú rọ̀ wálẹ̀ létí rẹ̀ lé èjìká. Ó dé fìlà òyìnbó róbótó, irun tó dì sí méjì gùn dé ìdí, yẹtí ń mì jòjò létí rẹ̀. Ó ń jó bọ̀. Ó ń yí bírí, síkẹ́ẹ̀tì náà ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Ó gun orí pèpéle. Ó ṣí fìlà, ó bọ́ yẹtí, ó tú ìborùn, ó kó wọn fún ẹni tó dúró nísàlẹ̀. Ọkùnrin gìrìpá kan tó fi ìbòjú bojú, tó wọ aṣọ tó fún mọ́ ọn lára pinpin, ti ń dúró dè é. Kí ọkùnrin náà tó ṣẹ́jú, ìyá yìí ti gun orí okùn, ó ti fò lófuurufú tòun ti gbogbo yẹ̀rì rẹ̀, ó ti balẹ̀ sí i láyà, gbìì! Gbọ̀ngàn pariwo. Ìyá arúgbó kan dìde níjòókòó, ó sọ èèpo ọsàn lu ọkùnrin tó wà nílẹ̀.

Ìlú El Alto ni, nílẹ̀ Bolivia, ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín lónìí ń jẹ́ Carmen Rosa lójú ìjà. Fíìmù kan ló kọ́kọ́ gbé mi débẹ̀, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń wá ohun tí mo lè kà nípa ìlú náà àti ìjà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ Carmen Rosa, àfi kó kọ́kọ́ mọ òkè yẹn, torí òkè yẹn ló bí ìjà yẹn.

ÌLÚ ETÍ ÀWO

Ẹ fojú inú wo àwo ọbẹ̀ ńlá kan. Inú àwo náà lọ́hùn-ún ni La Paz wà, níbi tí ìjọba Bolivia fi ṣe ibùjókòó. Etí àwo náà lókè ni El Alto. Orúkọ ìlú náà kò lábùlà rárá, "òkè" náà ló túmọ̀ sí lédè Sípéènì. La Paz fúnra rẹ̀ ti ga tó mítà 3,600 sójú òkun, El Alto sì tún ga jù ú lọ, ó tó mítà 4,150, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 13,600. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Àlejò tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú báálù ní pápákọ̀ òfuurufú El Alto, tó wá gbé báàgì rẹ̀ sáré bí ọmọ Èkó tó ń lé bọ́ọ̀sì, kò ní sáré jìnnà. Orí á fọ́ ọ, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, èémí á máa já mọ́ ọn lẹ́nu. Tíì ewé kókà ni wọ́n máa bù fún un, wọ́n á ní kó jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ wá rò ó wò. Ibi tí àlejò kò ti lè gun àtẹ̀gùn láìdúró mí, ibẹ̀ ni ìyá ọlọ́mọ ti ń fò látorí okùn.

Tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀sì kékeré ló ń gbé èèyàn láti La Paz gòkè, ọ̀nà náà sì máa ń dí pa. Láti ọdún 2014 ni ìjọba ti ṣe ọkọ̀ tó ń rìn lórí wáyà. Teleférico ni wọ́n ń pè é, ìlà pupa ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí nínú oṣù karùn-ún ọdún náà. Yàrá kékeré onígíláàsì ni, ó ń lọ wéréwéré lókè òrùlé àwọn èèyàn. Ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ lè rí àwọn tó ń sá aṣọ nísàlẹ̀, àti ilé bíríkì pupa tí wọn ò tíì rẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Lókèèrè, òkè Illimani á máa wò ó, yìnyín funfun lórí, mítà 6,438 ni gíga rẹ̀.

Níbi tí ìlà pupa yẹn parí sí lókè, ọjà 16 de Julio wà níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ná an. Ẹ ò rírú ẹ̀ rí! Abẹ́rẹ́ wà, mọ́tò wà, òkú ẹ̀rọ wà, aṣọ òkìrìkà wà, ọmọ ajá wà, àdúgbò lẹ́yìn àdúgbò. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀, tàwọn ti síkẹ́ẹ̀tì fífẹ̀ àti fìlà róbótó wọn.

Àwọn ẹ̀yà Aymara ló pọ̀ jù ní El Alto. Oko ni ọ̀pọ̀ ti wá. Nígbà tó di ọdún 1985, owó táńganran wó lulẹ̀ lágbàáyé, ìjọba Bolivia sì ti àwọn ibi ìwakùsà rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lọ ló pàdánù iṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn ló sì di ẹrù wọn tó wá síhìn-ín. Ọdún yẹn kan náà ni El Alto gba òmìnira kúrò lábẹ́ La Paz, tó ń ṣe ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Lónìí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin lọ. Ìlú alágídí sì ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, nígbà tí ìjọba fẹ́ ta gáàsì ilẹ̀ náà sókè òkun, àwọn ará El Alto ló dí ọ̀nà pa. Àwọn sójà yìnbọn, èèyàn tó ju ọgọ́ta lọ kú nínú rògbòdìyàn náà. Ààrẹ Gonzalo Sánchez de Lozada kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó sì sá lọ sí Amẹ́ríkà. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ló jókòó sórí àtẹ̀gùn símẹ́ńtì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Wọn kì í rọra wòran.

AṢỌ TÓ DI ÈÉBÚ

Síkẹ́ẹ̀tì yẹn, pollera lorúkọ ẹ̀. Àwọn ará Sípéènì tó ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ló mú àṣà rẹ̀ wá láyé ìjọba amúnisìn, àwọn obìnrin ilẹ̀ náà sì gbà á, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Ti fìlà ni ìtàn rẹ̀ dùn mọ́ mi. Wọ́n ní láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni oníṣòwò kan kó fìlà wá fún àwọn òyìnbó tó ń ṣe rélùwéè, fìlà náà kò gba orí wọn. Ọlọ́jà kì í jẹ́ kí ọjà bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó yí ohùn padà, ó ní fìlà obìnrin ni, wọ́n sì rà á! Bóyá òótọ́ ni o, bóyá àlọ́ ni, báyìí ni wọ́n ń sọ ọ́. Wọ́n tún ní èyí tó wà láàárín orí gangan, ti abilékọ ni, èyí tó bá dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọge tàbí opó ló dé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀nà tí obìnrin gbà wé gèlè lè sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò ní yà yín lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, aṣọ yìí di ìyà fún ẹni tó wọ̀ ọ́. "Chola" tàbí "cholita," èébú ni nígbà náà, bí ẹni pé "ará oko lásánlàsàn." Obìnrin tó bá wọ pollera, àwọn ilé oúnjẹ kan kì í jẹ́ kó wọlé. Òtẹ́ẹ̀lì kan á lé e, takisí kan kò ní dúró. Gbàgede Murillo tó wà níwájú ilé ìjọba ní La Paz, wọn kì í fẹ́ rí i níbẹ̀. Àwọn òbí mìíràn máa ń bọ́ ọ lára ọmọ wọn kí ọmọ náà lè rójú lọ sílé ẹ̀kọ́. Ọdún 1989 ni obìnrin oní-pollera kọ́kọ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bolivia, Remedios Loza lorúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló gbé e jáde fún aráyé. Ọdún 2006 ni Evo Morales, ọmọ Aymara, di ààrẹ. Ọdún 2010 ni wọ́n tó ṣòfin tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá fi ẹ̀yà tàbí àwọ̀ bú ọmọnìkejì.

Ẹ ṣírò ọdún wọ̀nyẹn dáadáa. Nígbà tí Carmen Rosa kọ́kọ́ wọ ríìngì, òfin yẹn kò tíì sí. Aṣọ tí wọ́n fi ń lé e lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ náà ló wọ̀ láti gbé ọkùnrin ṣánlẹ̀ lójú gbogbo ìlú.

BÍ WỌ́N ṢE PE OBÌNRIN WỌ ÌJÀ

Ìjà yìí, kì í ṣe ẹkẹ tiwa o. Nínú ẹkẹ, ẹ̀yìn ẹni bá kanlẹ̀, ó parí. Èyí jọ tàwọn Power Mike tí àwọn bàbá wa ń wò. Mẹ́síkò ni irú tiwọn ti wá, lucha libre ni wọ́n ń pè é, ó sì ti wọ Bolivia láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ìbòjú, orúkọ ìnagijẹ, fífò látorí okùn. Ẹni tí èjìká rẹ̀ méjèèjì bá kanlẹ̀ tí rẹfirí fọwọ́ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tán fún un. Oríṣi ajàjà méjì ló wà: oníwà-ìrẹ̀lẹ̀ tó ń tẹ̀lé òfin, àti oníjàgídíjàgan tí wọ́n ń pè ní "rudo," tó ń fa irun, tó ń ta èèyàn nípàá lẹ́yìn. Rẹfirí sì máa ń gbè sẹ́yìn oníjàgídíjàgan. Ohun tó ń bí àwọn òǹwòran nínú nìyẹn, ohun tó sì ń mú wọn padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn.

Ní El Alto, Juan Mamani ló ń ṣètò ìjà náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Titanes del Ring. Òun fúnra rẹ̀ ń jà, "El Gitano" ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 2001, èrò ń dínkù. Ó wá rò ó pé kóun kó àwọn obìnrin oní-pollera wọ inú ìjà. Ẹ má tàn ara yín, kì í ṣe torí ìfẹ́ obìnrin. Ẹ̀rín ló fẹ́ kí àwọn èèyàn wá rín. Bí wọ́n ṣe ń pe aràrá sórí pèpéle kí èrò lè rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ló ṣe pè wọ́n.

Ṣùgbọ́n èrò tó wá rẹ́rìn-ín kò padà lọ bó ṣe wá. Àwọn obìnrin tó wà lórí àtẹ̀gùn símẹ́ńtì rí ẹni tó wọṣọ bíi tiwọn, tó dirun bíi tiwọn, tó ń sọ èdè wọn, tó sì gbá ọkùnrin létí. Àwọn náà fò dìde. Kò pẹ́ púpọ̀ tí gbọ̀ngàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Kò pẹ́ tí ìjà ọkùnrin sí ọkùnrin fi di ohun tí wọ́n fi ń pa àkókò títí àwọn cholita á fi jáde. Carmen Rosa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dáhùn ìpè náà. "La Campeona" ni wọ́n fi kún orúkọ rẹ̀, ìyẹn aṣíwájú nínú ìjà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni Julia la Paceña, Yolanda la Amorosa àti Martha la Alteña.

ṢÉ ÒÓTỌ́ NI ÀBÍ ERÉ?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí ti wà lẹ́nu yín látàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn. Wọ́n ti mọ ẹni tó máa borí kí wọ́n tó jáde. Ìyẹn ni eré ibẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń já lù, kì í ṣe eré.

Pákó ni abẹ́ pèpéle yẹn, ohun tí wọ́n tẹ́ lé e kò nípọn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi gbogbo ẹ̀yìn kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á fi agbọ̀n mọ́ àyà kí ìpàkọ́ má bàa fọ́, á fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀ kí agbára ìṣubú náà lè tàn káàkiri ara. Wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ìyẹn nìkan. Ẹni tó bá sì ń fò látorí okùn, ọwọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ọ̀tá tó ń pariwo mọ́ ọn yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ gbà á. Bí onítọ̀hún bá sún sẹ́yìn díẹ̀ péré, apá ti yẹ̀, eyín ti kán.

Ti àwọn cholita tún le ju tàwọn ẹlòmíì lọ. Ẹsẹ̀ lè kọ́ léèsì yẹ̀rì nígbà tí èèyàn bá wà lókè. Irun tó dì sí méjì yẹn, bí okùn ẹran ló rí lọ́wọ́ alátakò. Bàtà wọn pẹlẹbẹ ni, ó ń yọ̀. Wọn kì í bọ́ síkẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ torí pé bí wọ́n bá bọ́ ọ, kò sí ìjà mọ́. Owó tí wọ́n ń gbà kò sì tó ra òògùn ìrora, ká má tiẹ̀ sọ ti adójútòfò. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi níṣẹ́ míì lọ́wọ́. Ẹlòmíì ń hun súwẹ́tà. Carmen Rosa ń tajà ní La Paz. Lọ́jọ́ Ajé, ẹni tó fò látorí okùn lánàá ti wà nídìí àtẹ rẹ̀, ara ń ro ó, ó ń bá oníbàárà dúnàá-dúrà.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N TÌLẸ̀KÙN MỌ́ WỌN

Ibi tí mò ń bọ̀ gan-an nìyí. Fíìmù tí mo sọ pé ó gbé mi débẹ̀, Mamachas del Ring ni, Betty M. Park ló ṣe é, ó jáde lọ́dún 2009. Ó tẹ̀lé Carmen Rosa kiri ọjà, ilé àti ojú ìjà. Ibòmíì tiẹ̀ wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ère amọ̀ kéékèèké ni wọ́n fi ń sọ ìtàn náà, ère ń rìn, ère ń jà, ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Gẹ́gẹ́ bí fíìmù náà ṣe fi hàn, àwọn obìnrin mẹ́rin tí mo dárúkọ yìí àti Mamani kò gbọ́ ara wọn yé mọ́. Wọ́n fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́ ara wọn. Mamani ní tirẹ̀ ni ọ̀gá. Ó tìlẹ̀kùn mọ́ wọn, wọn ò gbọdọ̀ jà lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Carmen Rosa ní kò burú, àwọn á dá tiwọn ṣe.

Dídá ìjà ṣe kò rọrùn bíi ká sọ ọ́ lẹ́nu. Obìnrin kan lè lágbára, kó lórúkọ, kí gbogbo ọmọdé ìlú mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ bí kò bá ní ríìngì, orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló máa jà? Àfi kó wá ẹni tó máa yá a ní ríìngì, kó wá ọkọ̀ tó máa kó pákó àti irin rẹ̀ lọ síbi ìjà, kó wá gbọ̀ngàn, kó sanwó gbọ̀ngàn kí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó tà. Kó lẹ ìwé sára ògiri fúnra rẹ̀. Kó bẹ ilé iṣẹ́ rédíò kí wọ́n bá a kéde. Kó wá ẹni tí wọ́n jọ máa jà, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò bẹ̀rù pé ọ̀gá àná máa lé òun náà. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ náà, tàbí tí wọ́n bá dí ọ̀nà bíi tiwọn lọ́hùn-ún, gbèsè dé nìyẹn. Ọlọ́jà tó máa ń ṣírò èrè oríṣi ọjà kọ̀ọ̀kan kò lè ṣàìmọ̀ pé òwò yìí kò pa owó wọlé. Carmen Rosa mọ̀. Ó ń ṣe é.

Bó ṣe ń ja ti ìta lọ́wọ́ ni ti ilé tún dé. Ọkọ rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní kó yan ọ̀kan nínú ẹbí àti ìjà.

Mo dá fíìmù dúró níbẹ̀, mo jókòó. Mi ò tíì láya, ẹ̀yin àgbà lè sọ pé kí ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láìgbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ọkọ kì í ṣe ìkà. Ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń fi egungun rẹ̀ ṣeré, owó kò wọlé, ọjọ́ Àìkú tó yẹ kí ẹbí jọ jókòó ti di ọjọ́ ìjà. Ohun tó sọ, àwa náà ní àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n máa sọ ọ́. Ohun tó dùn mí ni pé Mamani tìlẹ̀kùn níta, ọkọ fẹ́ tìlẹ̀kùn nílé, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń sọ: ríìngì tí o dúró lé kì í ṣe tìrẹ. Ta ló wá bi obìnrin yìí léèrè bóun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́? Àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tó jókòó lórí símẹ́ńtì, tó ń pariwo orúkọ rẹ̀, àwọn nìkan ni kò ní kó fi nǹkan kan sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn bàbá kan máa kọ̀wé sí wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kọ ọ́. Ẹ̀yin ìyá pàápàá, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ àwọn ọkùnrin nìkan ló máa sọ̀rọ̀ o.

Mi ò ní sọ bí fíìmù náà ṣe parí, kẹ́ni tó bá rí i má bàa ṣépè fún mi. Ohun tí mo lè sọ ni pé fíìmù parí, ìjà kò parí. Lẹ́yìn ọdún 2009, orúkọ Carmen Rosa ṣì jáde nínú ìjà, ó sì ti kọjá ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ajàjà ti ń lọ sinmi. Àwọn obìnrin míì náà ti kúrò lábẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, àwọn ọmọge tó kéré sí wọn lọ́jọ́ orí sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń já lulẹ̀ láìfọ́ orí.

ÀWỌN ÒYÌNBÓ IWÁJÚ

Ohun kan ti yí padà tí mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ sí tàbí kí n má yọ̀ sí. Àwọn arìnrìn-àjò òyìnbó ti gbọ́. Bọ́ọ̀sì ń kó wọn láti òtẹ́ẹ̀lì La Paz wá wo cholita. Owó tí wọ́n ń san ju ti ọmọ ìlú lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Wọ́n á fún wọn ní gúgúrú, wọ́n á fún wọn ní ohun ìrántí kékeré kan, wọ́n á fi wọ́n sórí àga rọ́bà létí ríìngì níbi tí àwọn ajàjà á ti máa já lù wọ́n lẹ́sẹ̀. Owó wọn ń gbé ìjà náà ró, èèyàn kò lè purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́dún 2020, ó hàn kedere bí wọ́n ṣe gbára lé wọn tó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí òǹwòran méjèèjì ṣe ń wò. Òyìnbó iwájú ń ya fọ́tò síkẹ́ẹ̀tì tó ń fẹ́. Ìyá tó wà lẹ́yìn kò ní kámẹ́rà. Rẹfirí ló ń bú, ó ń pè é ní olè lédè Sípéènì, lédè Aymara, ó ń sọ fún Cholita tó wà nílẹ̀ pé kó dìde, kó dìde, kó má ṣe gbà. Ó mọ̀ pé wọ́n ti mọ ẹni tó máa borí. Gbogbo wọn ló mọ̀. Kò sí bí ìyẹn ṣe kàn án.

Ẹni tí Ọlọ́run bá mú débẹ̀ nínú yín, kó mú kóòtù tó nípọn dání, torí òtútù òkè yẹn kì í ṣe ti ọyẹ́ wa yìí. Kó dé sí La Paz bí ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ara rẹ̀ lè mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Kó wọ ọkọ̀ orí wáyà lọ́jọ́ Àìkú láàárọ̀, kó kọ́kọ́ ná ọjà 16 de Julio, kó má kánjú, kó di owó rẹ̀ mú. Bó bá dé gbọ̀ngàn, wọ́n á fẹ́ fi í síwájú lórí àga rọ́bà, torí àlejò ni. Kó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kó gòkè lọ bá àwọn ìyá lórí símẹ́ńtì. Kó ra ọsàn dání. Kó má sì ju èèpo rẹ̀ nù, rẹfirí á dé láìpẹ́.